Ajá Tí Ògún Kọ̀

Jẹnẹrétọ̀ ilé wa ló bàjẹ́ tí mo fi rí i. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì kan ní Agége lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ́, mo jókòó sórí táyà, mò ń retí kí wọ́n tú u wò. Òórùn kan ń fẹ́ wá sí mi nímú. Mo kọ́kọ́ rò pé eku ló kú síbì kan. Ìgbà tí mo bojú wẹ̀yìn ni mo rí ajá pupa kan lábẹ́ bọ́ọ̀sì tí kò ní táyà mọ́. Wáyà iná ni wọ́n fi so ó. Ó ní láti jẹ́ pé kékeré ló wà nígbà tí wọ́n dè é. Ajá ń dàgbà, wáyà ò dàgbà, ó sì ti wọnú ẹran ọrùn rẹ̀ débi pé ẹni tó bá dúró lókèèrè yóò rò pé kò sí nǹkan kan lọ́rùn rẹ̀.

Ẹni tó ni ín ti kó kúrò ládùúgbò. Ó kó àga, ó kó bẹ́ẹ̀dì, ó fi ajá sílẹ̀.

Mo bi ọ̀gá wọn pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ó ní, “Àǹtí, ọdún Ògún wa ku ọ̀tunla.”

Ọmọ Yorùbá ni mí. Mi ò lè ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ pé ajá ni ẹran Ògún, tàbí pé ẹni tó bá ń fi irin jẹun, ìbáà ṣe alágbẹ̀dẹ tàbí ọdẹ, dírẹ́bà tàbí mẹkáníìkì, Ògún ni baba rẹ̀. N kò bá wọn jiyàn ẹ̀sìn. Mo kàn ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọrùn rẹ̀. Ṣé ẹran tó ti ń rà báyìí lẹ fẹ́ gbé fún baba yín?”

Gbogbo wọn dákẹ́. Bàbá àgbàlagbà kan tó ń yọ nọ́ọ̀tì lára ẹ́ńjìnnì kò tilẹ̀ gbójú sókè tó fi ní, “Òótọ́ ló sọ. Ẹran tó lábùkù kì í ṣe ẹran ẹbọ.” Ọ̀gá wò mí, ó wo ajá, ó pòṣé, ó sì dárúkọ iye tó máa gbà. A ná an, mo san. Egbò tó fẹ́ pa ajá yẹn náà ló gbà á lọ́wọ́ ọ̀bẹ.

Àwa mẹ́rin kan la máa ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. A ò ní ọ́fíìsì, fóònù la fi ń pe ara wa. Ẹni tó bá rí ajá tí ọkọ̀ gbá, tàbí èyí tí wọ́n lé jáde nílé nítorí pé wọ́n bímọ, yóò pe ẹni tó bá ní owó lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ náà. Ọ̀kan nínú wa ń gbé ní Ìbàdàn, ó ní àgbàlá tó fẹ̀, kò sì jìnnà sí ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ gbé e lọ.

Ní ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo yá àgò adìẹ lọ́wọ́ aládùúgbò mi, mo wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, mo rọra fi aṣọ àǹkárá àtijọ́ di ẹnu ajá náà, mo sì gbé e dé ibùdókọ̀ Berger láti wọ ọkọ̀ Ìbàdàn. Dírẹ́bà àkọ́kọ́ ní, “Ajá kẹ̀? Nínú ọkọ̀ mi?” Èkejì ní kí n gbé e sí búùtù. Oòrùn tó ń bọ̀ lọ́jọ́ náà, bí mo bá gbé e sí búùtù, òkú ajá ni mo máa sọ̀ kalẹ̀ ní Ìbàdàn. Ẹ̀kẹta ní kí n sanwó ìjókòó méjì, bó bá sì ṣu, èmi ni mo máa fọ ọkọ̀. Mo ní mo gbà.

Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1978, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 127 lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti há sí Mówé rí mọ̀ pé kìlómítà kọ́ la fi ń ka ọ̀nà yẹn. A há sí Ìbàfo, a tún há sí Mówé. Àlàájà kan tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi ti fa aṣọ rẹ̀ mọ́ra láti Berger. Nígbà tó yá, ó ní, “Ìyàwó, ṣé eléyìí ò ní dìgbòlugi báyìí?”

Ìbéèrè tó yẹ kó béèrè nìyẹn, n kò sì fi ẹ̀rín bò ó. Mo sọ fún un pé mi ò tíì mọ̀, ìdí nìyí tí mo fi dì í lẹ́nu tí mo sì wọ ìbọ̀wọ́. Itọ́ ajá ni àrùn náà ń gbà wọ ara ènìyàn, àti pé ajá tó ti kó o lè máa rìn kiri kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni dìgbòlugi ń pa lọ́dọọdún, pé ajá ló ń kó o ràn wọ́n ní 99 nínú 100, àti pé nínú ènìyàn mẹ́wàá tó ń bá a lọ, bíi mẹ́rin jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń yè é.

“Epo pupa la máa ń fi sí ojú ibi tó gé jẹ nílé wa,” ni Àlàájà wí.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ fi epo sílẹ̀ fún ọbẹ̀. Ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, lẹ́yìn náà kí ẹ gba ọsibítù lọ fún abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an.”

Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, ó sì fi fóònù pe ọmọ rẹ̀ kan ní Ìwó, ó ń sọ ọ́ fún un bí ẹni pé òun fúnra rẹ̀ ni dókítà.

Nígbà tí a dé Ògèrè, dírẹ́bà dúró ra epo. Ajá náà, tí kò mira láti àárọ̀, na àgbọ̀n rẹ̀ gba ojú àgò jáde, ó gbé e lé orí bàtà mi. Dírẹ́bà rí i. Ó bu búrẹ́dì tó ń jẹ, ó ní kí n tú ẹnu rẹ̀ díẹ̀, ó sì jù ú sí i. “Gbà, jẹun. Ìwọ náà sanwó ọkọ̀.” Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, àní Àlàájà pàápàá.

Ní Ìbàdàn, wọ́n fún un lábẹ́rẹ́ oorun, wọ́n fá irun ọrùn rẹ̀, wọ́n sì fi píláyà gé wáyà náà níbi mẹ́ta. Nígbà tí dókítà tò ó pọ̀ sórí tábìlì, òbìrí rẹ̀ kò fẹ̀ ju ẹnu ife tíì lọ. Eégbọn tí a yọ nínú etí rẹ̀ nìkan kún ìdérí ìgò. Wọ́n fún un ní oògùn aràn àti abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó kó dìgbòlugi, wọ́n sì ní kí a fi í sí ọ̀tọ̀ kí a máa ṣọ́ ọ. Nígbà tí egbò jinná, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Àwọn kan máa ń bínú sí èyí, wọ́n ní a ń ba ajá jẹ́. Ṣùgbọ́n oyún ajá kò ju nǹkan bí ọjọ́ 63 lọ, abo kan sì lè bí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ọmọ ajá tí kò ní olówó ni a óò tún máa lọ gbà lábẹ́ bọ́ọ̀sì lọ́dún tó ń bọ̀.

Mo bi dókítà bóyá òfin kankan wà fún ẹni tó so wáyà yẹn. Ó ní ó wà: abala 495 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn sọ pé kí ẹni tó bá fìyà jẹ ẹran lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kó san ₦50. Àádọ́ta náírà! A jọ wo ara wa.

Títí dé ibí, ẹ lè rò pé iṣẹ́ ti parí. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni àṣìṣe mi. Ọkùnrin kan ní Bódìjà ní òun ń wá ajá. Ó kọ́kọ́ béèrè bóyá a ní ti òyìnbó, nítorí ajá ìbílẹ̀ ò jọ ọ́ lójú. Nígbà tí kò rí i, ó ní kí n gbé èyí wá, bó bá ṣáà ń gbó. Ó ti rẹ̀ mí, owó ọwọ́ mi ti tán, mo gbé ajá fún un, mo sì padà sí Èkó. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, ọ̀rẹ́ wa tó ń gbé ní Ìbàdàn yà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò lu ajá náà. Wọ́n kàn fi ṣéènì so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀, nínú oòrùn àti òjò, wọ́n ń da ẹ̀bà sí i lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Wáyà ni mo bọ́, ṣéènì ni mo fi rọ́pò rẹ̀. A gbà á padà lọ́jọ́ náà.

Láti ìgbà yẹn, ohun mẹ́ta la máa ń bi ẹni tó bá fẹ́ gba ajá. Níbo ni yóò máa sùn? Ta ni yóò fún un lóúnjẹ bí ẹ bá lọ sóde? Ṣé ẹ ó gbà kí a wá wò ó láìsọ tẹ́lẹ̀? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń sá lórí ẹ̀kẹta.

Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ní Abẹ́òkúta ni kò sá. A gba Ọ̀mí-Adìo àti Ọdẹ́dá lọ, lọ́tẹ̀ yìí nínú ọkọ̀ ọ̀rẹ́ wa, ajá wà lẹ́yìn láìsí àgò. Ìyá ò dìde wá pàdé wa. Ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí sínú igbá. Mo fẹ́ fa ajá lọ bá a, ó gbọ́wọ́ sókè: “Ọmọ mi, fi í sílẹ̀. Jẹ́ kó wá fúnra rẹ̀.”

Ó ń bó ẹ̀gúsí lọ. Ajá yí àgbàlá po, ó gbóòórùn ìdí ọ̀pẹ̀, ó gbóòórùn ẹsẹ̀ àga, ó dúró, ó padà sẹ́yìn. Ó tó ìdajì wákàtí kó tó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ igbá. Ìgbà náà ni ìyá tó nawọ́ sí i, kò sì fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀. Ẹ̀yìn etí ló họ fún un.

Ó ní ọdẹ ni bàbá òun. Bó bá ti ìgbẹ́ dé, ajá ló ń kọ́kọ́ fún lóúnjẹ kó tó bọ́ bàtà. Ó ní àwọn ènìyàn máa ń rántí ajá tí Ògún jẹ, wọn kì í rántí èyí tí ọdẹ fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé lọ́wọ́ nínú igbó, bẹ́ẹ̀ àwa kan náà la ń pa àlọ́ ọdẹ tí ajá mẹ́ta gbà lọ́wọ́ ikú fún ọmọ wa. Mi ò ní èsì. Ó bi mí pé kí ni orúkọ rẹ̀. Mo ní kò ní. Ó ronú díẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yìnlàárò.”

Mo ń bẹ̀ yín, ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí: bí ẹ bá rí ajá tí ìyà ń jẹ, ẹ má kàn yọ okùn kí ẹ fi í sílẹ̀ lójú títì, ẹ má sì gbé e fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá nawọ́. Ẹ fún un lábẹ́rẹ́, kí ẹ sì lọ wo ilé tó ń lọ kí ajá tó dé ibẹ̀. Ọjọ́ kan ni mo fi gba Ẹ̀yìnlàárò lábẹ́ bọ́ọ̀sì. Ó lé ní oṣù mẹ́ta kí n tó rí ilé fún un.

Mo yà lọ síbẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Mo kan géètì. Ó sáré jáde, irun ti bo ojú àpá ọrùn rẹ̀, ó sì gbó mọ́ mi kíkankíkan bí ẹni pé olè ni mí, títí ìyá fi jáde wá sọ fún un pé àlejò ni.