Irin Wo Ni Kí A Rà Sílé?

Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Gbogbo wa ni a ń pa á lówe, ṣùgbọ́n bí a bá wo bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń jókòó sídìí ìwé láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, a ó rí i pé òwe náà kò tíì wọ̀ wá lára. Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba gbogbo àgbàlagbà níyànjú pé kí wọn máa ṣe ohun tí yóò fún iṣan wọn ní agbára, ó kéré tán ní ọjọ́ méjì nínú ọ̀sẹ̀. Wọn kò yọ arúgbó sílẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí ẹni tí ó bá ti pé ọdún 65 tún fi ìdárayá tí ń mú ẹsẹ̀ dúró ṣinṣin kún un. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ irin gbígbé kò kan ẹnikẹ́ni bí kò ṣe àwọn géńdé tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ijó. Adijat Olarinoye tí ó gba wúrà fún Nàìjíríà ní Birmingham ní ọdún 2022, láàrin àwọn tí kò wúwo ju kílò 55 lọ ni ó ti díje.

Bàbá mi ni ó mú kí n ronú sí ọ̀ràn yìí. Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sì ti pé ẹni ọdún 68. Láti ìgbà ọyẹ́ ni a ti ṣàkíyèsí pé bí ó bá fẹ́ dìde lórí àga, àfi kí ó fi ọwọ́ méjèèjì ti ara rẹ̀ sókè. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní eékún rẹ̀ kò ní àrùn kankan. Iṣan itan rẹ̀ ni ó ń joro, bí ó bá sì ń gbé irin níwọ̀n-níwọ̀n, yóò ràn án lọ́wọ́. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni yàrá Bàbá wà. Bí ẹsẹ̀ bá kọ̀, yóò di ẹni tí a ń gbé gòkè, tí a ń gbé sọ̀kalẹ̀. Mo mọ̀ pé èyí bà á lẹ́rù ju ikú lọ, bí kò tilẹ̀ sọ ọ́ jáde.

Ẹ̀gbọ́n mi tí ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ti tọ́jú owó sílẹ̀. Ẹ̀rọ ńlá kan ni ó rí ní ṣọ́ọ̀bù, èyí tí ó ní àga, okùn wáyà, àti irin tí a tò lé ara wọn lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí mo sọ fún un pé irin kúkúrú méjì àti bẹ́ńṣì kan ti tó, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Àbúrò, ṣé irin àwọn ọmọ ìta ni kí n rà fún Bàbá?”

“Ẹ má bínú, Bọ̀dá mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọn yàrá náà ná.”

Mo wọ̀n ọ́n: mítà mẹ́ta ní gígùn, mítà méjì àbọ̀ ní ìbú. Ẹ̀rọ náà ìbá wọlé, ṣùgbọ́n Bàbá kì bá tí rí ibi yí ẹsẹ̀ sí. Irin gbọọrọ tí àwọn ọkùnrin fi ń díje pàápàá, mítà 2.2 ni gígùn rẹ̀, kílò 20 sì ni kí a tó fi nǹkankan sí i lórí. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Àyè nìkan kọ́ ni kí a wò. Ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé, ǹjẹ́ irin yìí lè máa wúwo sí i díẹ̀díẹ̀? Àwọn Gíríkì àtijọ́ a máa pa ìtàn Milo ará Croton, tí ó ń gbé ọmọ màlúù kan lójoojúmọ́ títí ó fi di akọ màlúù. Bí ìtàn náà jẹ́ òótọ́, bí kò jẹ́ òótọ́, ọgbọ́n inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí tiwa: díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Ẹ gba irin kúkúrú kan yẹ̀ wò, tí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ kílò méjì, tí a lè fi àwo irin sí i ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí a bá ní àwo onílò 1.25 mẹ́rin àti onílò 2.5 mẹ́rin, irin kan ṣoṣo yìí di oríṣi ìwọ̀n méje: 2, 4.5, 7, 9.5, 12, 14.5, àti 17. Ẹ̀rọ tí Bọ̀dá mi rí, kílò márùn-ún márùn-ún ni ó ń fò. Fún géńdé, èyí kò ṣe nǹkan. Fún ẹni ọdún 68, ọ̀gbun ni.

Ìbéèrè kejì: bí agbára bá tán lójijì ńkọ́? Irin gbọọrọ lè dẹ́ ènìyàn mọ́ orí bẹ́ńṣì, bí kò bá sí ẹni tí yóò bá a gbé e kúrò láyà. Irin kúkúrú, ẹ̀gbẹ́ ni a ó sọ ọ́ sí. Kí a ṣáà tẹ́ ẹní rọ́bà sílẹ̀ nítorí ẹni tí ń gbé nísàlẹ̀.

Ìkẹta: kí ni ó lè bàjẹ́ lára rẹ̀? Okùn wáyà a máa já, rọ́là a sì máa jẹ. Àwo irin kò ní ju ìpẹtà lọ, búrọ́ọ̀ṣì onírin yóò sì há a kúrò. Ìdí nìyí tí tòkunbọ̀ fi dára fún un. Kìkì pé kí a ka ohun tí a kọ sí ara rẹ̀ dáadáa, nítorí òṣùwọ̀n pọ́n-ùn ni ó wà lára ọ̀pọ̀ èyí tí ó ti Amẹ́ríkà wá. Àwo tí a kọ 10 sí lára níbẹ̀, kílò mẹ́rin àbọ̀ péré ni.

Èmi tí mo ń kọ́ èdè kò lè ṣàì sọ̀rọ̀ lórí orúkọ irin kúkúrú yìí. Agogo tí ó yadi ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì pè é. Ohun tí a ń fà bí okùn agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n tí kò ní agogo lókè, ni orúkọ náà kọ́kọ́ jẹ́. Ní ọdún 1711, Joseph Addison kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn The Spectator pé òun ní ọ̀kan ní igun yàrá òun, tí òun ń lò fún wákàtí kan láràárọ̀. Ẹ ò rí i pé igun yàrá ti tó ọ̀mọ̀wé láti ọjọ́ pípẹ́.

Mo kọ gbogbo èyí ránṣẹ́ sí Bọ̀dá mi. Ó kà á, ó dákẹ́ fún ọjọ́ méjì, ó sì fi owó irin kúkúrú méjì àti bẹ́ńṣì ránṣẹ́. Bàbá kò kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin rárá. Jíjókòó àti dídìde ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó gbé kílò 4.5 mọ́ àyà. Oṣù kẹrin ni a wà yìí, kílò méje ni ó ń gbé, kò sì fi ọwọ́ ti àga mọ́. Kò tíì lè sáré, ṣùgbọ́n ó ń fúnra rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ ra ìwé ìròyìn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi lè wí pé, “Àwa tí a kò ní owó irin ńkọ́?” Lítà omi kan, kílò kan ni. Kẹ́ẹ̀gì onílítà mẹ́wàá tí a bu omi sí dé ìdajì, kílò márùn-ún ni; bí ara bá ti gbà á, kí a bu lítà kan sí i. Àwọn mìíràn a máa po kọnkéré sínú agolo ọ̀dà onílítà mẹ́rin méjì, wọn a sì ki páìpù bọ̀ ọ́. Agolo kọ̀ọ̀kan yóò tó kílò mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá, ṣùgbọ́n kí a gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n kí a tó gbà pé wọ́n dọ́gba. Ẹni tí kò lè gbé eèrà kò gbọdọ̀ kùsà sí erin. Irin tí ó yẹ kí a rà ni èyí tí a lè gbé lónìí, tí yóò sì tún ní ohun tí a ó fi kún un lọ́la.