Ahéré Oko: Ta Ni Yóò Dá Iná Sí Ààrò Rẹ̀?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Àwọn tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹni tí ó ti ń fi ọkọ́ kọ ebè láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí oòrùn ti pa á, tí ẹ̀gún ti gún un lẹ́sẹ̀, kò sí ohun tí ó tún ń wá bí kò ṣe ilé: omi gbígbóná, oúnjẹ tí ẹlòmíràn sè, àti ẹní tí yóò na ẹ̀yìn lé. Oko ni ibi làálàá, ilé ni ibi ìsinmi. Ṣùgbọ́n ayé ti yí bírí. Ọmọ àgbẹ̀ tí ó di akọ̀wé tàbí oníṣòwò ní ìgboro Ìbàdàn tàbí Èkó, ìlú gan-an ni làálàá tirẹ̀ wà báyìí: súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, ariwo ẹ̀rọ amúnáwá, èéfín, àti tẹlifóònù tí kì í dákẹ́. Nígbà tí ó bá rẹ irú ẹni bẹ́ẹ̀ tẹnutẹnu, oko ni ọkàn rẹ̀ ń fà sí. Ó wá di pé oko làbọ̀ sinmi ilé.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àwàdà. Ní òkè òkun, àìmọye ènìyàn ni ó ń sanwó kí wọ́n lè lọ gbé inú ilé kékeré lóko fún ọjọ́ mélòó kan, níbi tí wọn yóò ti máa dáná fúnra wọn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, irú ilé bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì. Ahéré ni orúkọ rẹ̀. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ara wa nìyí: kí ni ó wà nínú ahéré tí ń mú ara tu ènìyàn, ta ni ó sì ń mú kí nǹkan náà wà níbẹ̀?

Láyé àtijọ́, ìlú ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá ń gbé, oko ni wọ́n ti ń jẹun. Oko etílé ni èyí tí kò jìnnà, tí àgbẹ̀ lè lọ ní òwúrọ̀ kí ó sì padà wálé ní ìrọ̀lẹ́. Oko ẹgàn ni èyí tí ó jìnnà réré, tí ènìyàn kò lè lọ kí ó bọ̀ lóòjọ́. Nítorí irú oko bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kọ́ ahéré: ilé alámọ̀ kékeré, oníyàrá kan tàbí méjì, tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ tàbí koríko bò kí páànù tó gbòde. Bí ahéré bá pọ̀ sí ojú kan, ó di abà; orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó ni wọ́n sì sábà máa ń fi pè é. Àgbẹ̀ lè lo ọ̀sẹ̀ méjì lóko, ó sì lè lo oṣù kan. Ṣùgbọ́n bí ọdún ìbílẹ̀ bá dé, tàbí bí òkú bá kú ní agbo ilé, ìlú ni yóò padà sí. Bí a bá bi í pé níbo ni ilé rẹ̀, kò ní dárúkọ abà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé abà ni ó ti ń lo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀.

Nínú ahéré, olúkúlùkù ni ń bọ́ ara rẹ̀. Ẹrù tí wọ́n ń gbé láti ilé kò ju iyọ̀, irú, ìṣáná àti ọṣẹ lọ. Ohun tí ó kù, ilẹ̀ ni yóò pèsè rẹ̀. Iṣu wà nínú ebè, ẹ̀fọ́ wà létí ààtàn, omi wà lódò, igi gbígbẹ wà nínú igbó. Ọkùnrin tí kì í dé ìdí ààrò nílé, bí ó bá dé oko, òun ni yóò dá iná, òun ni yóò bẹ iṣu, òun náà ni yóò rokà. Òkè ààrò yìí kan náà ni wọ́n ń so àgbàdo tí wọn yóò gbìn lọ́dún tí ń bọ̀ rọ̀ sí, kí èéfín lè lé kòkòrò kúrò lára rẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, iná tí ó se oúnjẹ òní ni ó ń tọ́jú oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mìíràn.

Àlejò oko pàápàá ní òfin tirẹ̀. Arìnrìn-àjò tí ebi bá ń pa lè yà sínú oko olóko, kí ó wa iṣu kan, kí ó sun ún, kí ó sì jẹ ẹ́ yó níbẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò pè é ní olè. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé ẹyọ kan jáde kúrò nínú oko, ọ̀rọ̀ ti di ti olè. Ohun tí òfin yìí ń kọ́ni ni pé oko lè bọ́ àlejò, ṣùgbọ́n àlejò kò gbọdọ̀ kó ohun tí yóò mú oko dúró lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdílé kan ní Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni baálé ilé náà. Bàbá rẹ̀ tí ó ti dolóògbé ni ó fi oko kòkó àti ahéré kan sílẹ̀ fún un ní ọ̀nà Àkànrán. Bàbá àgbàlagbà kan tí ó ti bá olóògbé náà ṣiṣẹ́ láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ń bójú tó ibẹ̀. Nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi, ọkùnrin yìí kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta lọ sí abà fún ọjọ́ mẹ́rin.

Ní ọjọ́ kìíní, ojú àwọn ọmọ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Kò sí iná mànàmáná, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Àkọ́bí bèèrè ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì. Bàbá àgbàlagbà náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi àdá lé e lọ́wọ́ pé kí ó tẹ̀ lé òun lọ wá igi ìdáná. Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì, wọ́n ti mọ bí a ti ń fẹ́ iná tí èéfín kò fi ní kó sí ẹni lójú. Ní ọjọ́ kẹta, òjò rọ̀, gbogbo igi tí ó wà níta sì tutù. Àbíkẹ́yìn ni ó rántí pé Bàbá ti kó ìṣẹ́pẹ́ gbígbẹ sí orí àjà. Iṣu tí wọ́n sun ní alẹ́ ọjọ́ náà jóná lápá kan, kò sì jinná tán lápá kejì. Síbẹ̀ kò sí èyí tí ó ṣẹ́kù. Oúnjẹ tí ọmọdé fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá kì í korò lẹ́nu rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọn yóò lọ ní ọ̀la rẹ̀, baálé ilé náà sọ èrò ọkàn rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ahéré náà, kí òun gbé bẹ́ẹ̀dì tuntun sí i, kí àwọn ará ìgboro lè máa wá háyà rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀.

“O ṣeun, ọmọ mi,” ni bàbá náà wí. “Ṣùgbọ́n ta ni wọn yóò bá níbí?”

“Ẹ̀yin náà ni, Bàbá. Ẹ ó máa ṣílẹ̀kùn fún wọn.”

“Èmi ti dàgbà. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní Èkó, ọ̀kadà ni ó ń wà. Ilé mẹ́jọ ni ó wà ní abà yìí nígbà ayé bàbá rẹ. Iná mélòó ni o rí lálẹ́ òní?”

Ọkùnrin náà wo òde. Kò rí iná kankan, àfi èyí tí wọ́n jókòó tì.

“Ẹ̀yin ará ìlú ń wá sinmi, ó dára bẹ́ẹ̀,” ni bàbá náà tún wí. “Ṣùgbọ́n àwa tí a ń ṣiṣẹ́ níbí ni a ń lé igbó sẹ́yìn. Bí a bá dáwọ́ dúró fún ọdún méjì péré, ẹ kò ní rí ọ̀nà tí ẹ ó gbà dé ibi ìsinmi náà.”

Ìdáhùn sí ìbéèrè wa ti wà nínú ọ̀rọ̀ bàbá yìí. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti fi ilé oko gba àlejò ṣáájú náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọ̀dọ́ ń fi oko sílẹ̀ lọ sí ìlú ńlá, ilé àgbẹ̀ sì ń di àlàpà. Ní ọdún 1951 ni wọ́n ṣí èyí àkọ́kọ́ nínú àwọn ilé oko tí wọ́n ń pè ní gîte, ní gúúsù ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè náà. Nígbà tí ó di 1955, wọ́n ti dá ẹgbẹ́ àpapọ̀ sílẹ̀ fún un. Ète wọn ni pé kí àgbẹ̀ lè rí owó díẹ̀ kún ti oko, kí ó má baà ṣí lọ. Ní Ítálì, wọ́n ṣe òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1985, òfin mìíràn sì rọ́pò rẹ̀ ní 2006. Kókó kan kò yí padà nínú méjèèjì: àgbẹ̀ ni kí ó gba àlejò, iṣẹ́ oko ni kí ó sì borí, gbígba àlejò kò gbọdọ̀ di ọ̀gá lórí rẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí i lójú ara wọn. Ní ọdún 2001, àrùn tí ń ṣe ẹran lẹ́sẹ̀ àti lẹ́nu bẹ́ sílẹ̀ láàrin màlúù, àgùntàn àti ẹlẹ́dẹ̀ níbẹ̀. Ẹran tí wọ́n pa ju 6,000,000 lọ, wọ́n sì ti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀nà ẹsẹ̀ inú oko pa. Kò sí ohun tí ó ṣe àwọn ilé kéékèèké tí wọ́n ń háyà; síbẹ̀ ọ̀pọ̀ àlejò kò yọjú. Ohun tí ó bá ojú ti bá imú.

Ilẹ̀ Yorùbá náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1880, J. P. L. Davies, oníṣòwò pàtàkì ní Èkó, dá oko sí Ìjọn lágbègbè Agége. Ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbin kòkó ní ìhà yìí. Àwọn ará Èkó mìíràn tẹ̀ lé e. J. K. Coker dá oko ńlá sí Ìfàkọ̀, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àwọn olóko Agége sílẹ̀ ní 1907. Ará ìgboro tí ó mọ̀wé ni wọ́n, oko ni wọ́n sì lọ tún ayé wọn ṣe sí. Lónìí, ilé, ọjà àti títì ni ó kún Agége. Ọ̀nà méjì ni oko ń gbà kú: bí igbó kò bá bò ó mọ́lẹ̀, ìlú a gbé e mì.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ ahéré fún ìsinmi, ẹni tí ń gbé ibẹ̀ ni kí ó kọ́kọ́ rò. Bí ọ̀nà oko kò bá ṣe é rìn lójò, kòkó yóò bàjẹ́ kí ó tó dé ọjà, ọ̀dọ́ kò sì ní dúró. Bí ìbẹ̀rù ajínigbé kò bá kásẹ̀ nílẹ̀, kò sí ẹni tí yóò sùn sí abà, ìbáà ṣe onílé, ìbáà ṣe àlejò. Ara ohun tí ó mú kí àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ìwọ̀-oòrùn gúúsù gbé Àmọ̀tẹ́kùn kalẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2020 nìyẹn. Bí owó àlejò bá sì wọlé, àgbẹ̀ tí ó ń lé igbó sẹ́yìn ni kí ó kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń túmọ̀ “ilé làbọ̀ sinmi oko” nínú ìdánwò, tí kò sùn sí oko rí, ìdajì òwe náà ni ó mọ̀. Ó mọ ilé. Kò mọ ohun tí a fẹ́ sinmi kúrò nínú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin nínú ahéré yóò kọ́ ọ ní ìdajì tí ó kù, bí abà bá ṣì wà tí ó lè lọ. Ahéré wà níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kan bá ń jí ní òwúrọ̀ láti dá iná sí ààrò rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹni náà bá lọ, ògiri lásán ni ó kù.