Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Tó Wàrà Í Jẹ

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ọmọ ọwọ́ ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Kí bàbá ilé má ṣe ṣí ojú ewé yìí kọjá, kí ó ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Nínú Súrà Bákárà, ẹsẹ 233, Ọlọ́hun Ọba fi ọdún 2 gbáko lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìfọ́mọlọ́mú ọmọ rẹ̀ pé. Bí tọkọtaya bá sì fẹ́ já ọmọ lẹ́nu ọmú ṣáájú àkókò náà, ìmọ̀ràn àwọn méjèèjì ni ó gbọdọ̀ ti wá, kì í ṣe ti ẹnì kan. Ǹjẹ́ bàbá tí kò mọ ohun kan nípa oúnjẹ ọmọ, kí ni yóò fi gbìmọ̀?

Ẹ wo bí a ti ń gbé ní Mówè àti Ìbafò lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, àti ní Ìfọ̀ lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kí ọkọ̀ Èkó má baà fi wá sílẹ̀. Ọwọ́ ìyá àgbà tàbí olùtọ́jú ọmọ ni ọmọ ń wà títí di alẹ́. Èyí ni ó ń mú kí á máa kánjú: ọmọ kò tíì pé oṣù 3 tí a ti ń fún un ní ẹ̀kọ mímu. Bí òbí bá sì ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, yóò ra wàrà lọ́wọ́ àwọn ìyá Fúlàní, yóò sì bù ú sí ọmọ lẹ́nu. Ìfẹ́ ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí kò bèèrè àkókò lè gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ọmú nìkan ni kí ọmọ máa mu títí yóò fi pé oṣù 6: kò sí omi, kò sí àgbo. Lẹ́yìn náà ni kí oúnjẹ bẹ̀rẹ̀, kí ọmú sì máa bá a lọ títí di ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ẹ rí i pé ìṣirò àwọn oníṣègùn kò ta ko ti Àlùkùránì. Ìyá tí ń lọ sí ibi iṣẹ́ lè fún ọmú rẹ̀ sínú ife mímọ́ tí ó ní ìdérí, kí wọn gbé e sí ibi tútù, kí wọn sì fi ṣíbí fún ọmọ. Nígbà tí oṣù 6 bá pé, tí ọmọ lè jókòó kí orí rẹ̀ dúró, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí 2 tàbí 3, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́. Láti oṣù 9, ó lè di ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Oúnjẹ tuntun kan ṣoṣo ni kí ẹ mú wá lẹ́ẹ̀kan. Ẹ dúró fún ọjọ́ 3 kí ẹ tó fi òmíràn kún un, kí ẹ lè mọ èyí tí ó fa èébì, ara yíyún tàbí ojú wíwú.

Ẹ̀kọ mímu nìkan kò tó gbé ọmọ ró. Ní ọdún 1933, Dókítà Cicely Williams, obìnrin tí ó ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn ń wú, tí ó jẹ́ pé oúnjẹ àgbàdo ni wọ́n ń jẹ lẹ́yìn ọmú. Ní 1935, ó lo orúkọ tí àwọn ará Gã ń pe àrùn náà, kwashiorkor: àrùn tí ń mú ọmọ nígbà tí a bá bí àbúrò lé e. Nítorí náà, ẹ fi edé lílọ̀ tàbí ìyẹ̀fun sóyà sínú ẹ̀kọ ọmọ, kí ẹ sì sè é jinná. Ẹ máa fún un ní ẹyin tí ó jinná dáadáa, ẹ̀wà tí a bó èèpo rẹ̀ tí a sì rún kúnná, ẹja tí a yọ egungun rẹ̀ tán, àti ìbẹ́pẹ pípọ́n.

Wàrà náà dára, nítorí mílíìkì ni a fi ń ṣe é, ó sì ń mú egungun le. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a mọ bí a ti ń ṣe é. Àwọn ìyá Fúlàní a gbé mílíìkì màlúù ka iná, wọn a da omi ewé bomubomu sí i kí ó lè dì, wọn a sẹ́ ẹ nínú apẹ̀rẹ̀ kékeré, wọn a sì kó o sínú omi rẹ̀ lọ sí ọjà. Iná yẹn lè má tó láti pa gbogbo kòkòrò àrùn, ọwọ́ àti omi tí ó kàn án lẹ́yìn náà sì lè kó òmíràn sí i. Mílíìkì tí kò hó dáadáa lè gbé ikọ́ ẹ̀gbẹ láti ara màlúù wá sára ènìyàn. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọjá oṣù 6, kí oúnjẹ mìíràn ti mọ́ ọn lára. Ẹ ra èyí tí a ṣe lọ́jọ́ náà, ẹ da omi rẹ̀ nù, kí ẹ fi omi mímọ́ sè é títí yóò fi hó yaya fún ìṣẹ́jú bíi 10. Ẹ má fi iyọ̀ tàbí ata sí i. Ẹ rún un kúnná, kí ẹ pò ó mọ́ ẹ̀kọ. Èyí tí a dín, tí ó le, kì í ṣe ti ọmọ ọwọ́, nítorí ó lè há a lọ́fun. Mílíìkì màlúù gẹ́gẹ́ bí ohun mímu, kí ó di ẹ̀yìn ọdún 1.

Ẹ̀yin ìyá àgbà, mo bẹ̀ yín nípa rírọ ọmọ. Kí a gbé ọmọ dùbúlẹ̀ lórí itan, kí a dí i nímú, kí a fi àtẹ́lẹwọ́ da ẹ̀kọ sí i lọ́fun, ọ̀nà èémí ni ẹ̀kọ náà lè gbà lọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ gbé e jókòó, ẹ fi ṣíbí bọ́ ọ. Bí ó bá yí ẹnu kúrò, ó yó nìyẹn. Ẹ̀pà odindi, kí ó di ìgbà tí ọmọ bá pé ọdún 5.

Oyin ni ó kù. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, a máa ń fẹ́ fi oyin kan ọmọ lẹ́nu. Òótọ́ ni pé Súrà Náhlì, ẹsẹ 69, sọ pé ìwòsàn wà nínú oyin, ṣùgbọ́n gbogbo oògùn ni ó ní ọjọ́ orí tirẹ̀. Kòkòrò kan wà tí ó lè wà nínú oyin, tí ìfun àgbà ń borí, ṣùgbọ́n tí ó lè rọ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, kí ó má lè mí. Sísè nínú ilé kì í pa á. Ẹ jẹ́ kí ìyá ọmọ tọ́ oyin náà wò, kí àfáà ṣe àdúà. Orúkọ ọmọ yóò dùn náà ni.

Lálẹ́ òní, kí tọkọtaya jókòó, kí wọn ka oṣù ọmọ wọn lórí ìka, kí wọn sì fi ohun tí wọ́n bá fi ẹnu kò sí yé ẹni tí ń bá wọn tọ́jú ọmọ lọ́sàn-án. Kí Ọlọ́hun dá àwọn ọmọ wa sí. Àmín.