Kí Lo Rí?

Ojú bàbá mi àgbà kò ríran dáadáa mọ́. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, ó wá láti Ìgèdè-Èkìtì sọ́dọ̀ wa ní Adó-Èkìtì kí àwọn dókítà lè bá a wò ó. Ní gbogbo ọjọ́ tó lò lọ́dọ̀ wa, èmi ni ojú rẹ̀. Bí a bá jókòó sí pálọ̀ láti wo tẹlifíṣọ̀n, òun á máa fetí gbọ́ ohùn, èmi á máa ròyìn ohun tí mo bá rí fún un. Bí ọ̀rọ̀ bá dákẹ́ díẹ̀ nínú eré, á fi ọ̀pá rẹ̀ kan ẹsẹ̀ mi, á ní, "Àbẹ̀kẹ́, kí lo rí?"

Nígbà tó ku ọ̀la ká ṣe àjọ̀dún òmìnira, wọ́n fi fíìmù kan hàn tí wọ́n ń pè ní October 1. Kunle Afolayan ló darí rẹ̀, ó sì jáde ní ọdún 2014. Ìlárá-Mọ̀kín, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, wà lára ibi tí wọ́n ti ya fíìmù náà. Ìtàn ọdún 1960 ni. Ó ku díẹ̀ kí Nàìjíríà gba òmìnira, ẹnì kan sì ń pa àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ní ìlú kékeré kan tí wọ́n pè ní Akote. Ìjọba òyìnbó wá rán ọlọ́pàá kan, Danladi Waziri, láti lọ wádìí ẹni náà kí ọjọ́ òmìnira tó kò. Sadiq Daba, tó di olóògbé ní 2021, ló ṣe Waziri.

Bí Bàbá ti gbọ́ 1960, ó gbéra jókòó dáadáa. "Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà yẹn," ó ní. "Bàbá mi sì wà lẹ́nu iṣẹ́ akódà."

Ìdílé agbófinró ni ìdílé wa. Bàbá ní bàbá òun mọ gbogbo ilé, ó mọ ẹni tó jẹ gbèsè, ó sì mọ ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbààgbà ìlú tó gbà á síṣẹ́ lè ní kó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ọ̀rọ̀ bá kan ọmọ wọn. Nígbà tí rògbòdìyàn òṣèlú bẹ́ sílẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn olóṣèlú lo irú ọlọ́pàá bẹ́ẹ̀ láti fi halẹ̀ mọ́ àwọn alátakò wọn. Lẹ́yìn tí ìjọba ológun dé ní 1966, wọ́n fòpin sí ọlọ́pàá ìbílẹ̀, wọ́n sì kó lára wọn mọ́ ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀.

Ti ìjọba àpapọ̀ yìí ni Bàbá wọ̀ ní 1969. Wọ́n gbé e lọ sí Kàlàbá, Jọ́ọ̀sì àti Màídúgùrì. Ọdún mẹ́rin péré ló fi ṣiṣẹ́ nítòsí ilé kó tó fẹ̀yìn tì ní 2004. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ Waziri fi wọ̀ ọ́ lára. Ará Òkè Ọya ni Waziri, Sájẹ́ńtì Àfọ̀njá tó jẹ́ Yorùbá ló ń bá a túmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn ará ìlú. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Èmi nìyẹn ní Kàlàbá. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà lẹ́nu géètì bárékè ti mọ olè kí n tó mọ ọ̀nà ọjà. Ohun tó kù ni kó fẹ́ sọ ọ́ fún mi."

Nínú fíìmù náà, wọ́n rí òkú ọmọbìnrin kan, wọ́n sì mú àlejò kan, ọkùnrin Hausa tó ń kọjá lọ. Waziri rí i pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bàbá ọmọ tó kú kò dúró gbọ́. Ó pa á. Pálọ̀ dákẹ́. Ọ̀pá Bàbá kan ẹsẹ̀ mi.

"Àbẹ̀kẹ́, kí lo rí?"

N kò lè dáhùn. Omijé ti ń bọ́ lójú mi.

Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú alẹ́ yẹn, wọ́n jí fóònù mọ́kànlá ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó wà níwájú ilé tí a ń gbé ní Òkè-Ìlà. Bí kò bá sí iná, ibẹ̀ ni àwọn ará àdúgbò ń kó fóònù sí kí wọ́n bá wọn ṣáàjì rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, ó sì ń sùn sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ìpínlẹ̀ Benue ló ti wá. "Àgàtú" ni gbogbo wa ń pè é. Ó ní òun lọ sí ìṣọ́ òru ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò gbà á gbọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti fà á lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun. Ní òru ọjọ́ yẹn, mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì rí ọmọ onílé wa tó ń gba ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù náà jáde pẹ̀lú àpò lọ́wọ́. Òun ló ti ń kọ́ mi ní ìṣirò láti JSS 2 láìgba kọ́bọ̀. Ó rí mi. Ó fi ìka sí ètè. Mo wọlé, mo bo aṣọ mọ́rí.

Mo sọ fún ara mi pé ọlọ́pàá á wádìí rẹ̀, ṣebí iṣẹ́ wọn ni. Nílé ìwé, wọ́n ti kọ́ wa pé ìwé òfin 1999 kò fẹ́ kí wọ́n ti ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn mọ́lé ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ láìgbé e dé ilé ẹjọ́. Mo gba ìbéèrè yẹn nínú ìdánwò. Ọjọ́ kẹta rè é, ọmọ náà ṣì wà nínú àhámọ́, èmi sì ń wo fíìmù.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Bàbá. Kò bá mi wí. Ó ní kí n pa tẹlifíṣọ̀n.

"Ẹ bá mi lọ sọ fún wọn, Bàbá."

"Bí mo bá sọ ọ́, àhesọ ni. Ojú tó rí i ni kí ẹnu rẹ̀ sọ ọ́."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orin òmìnira ń dún káàkiri, ọjọ́ náà sì ni àyájọ́ ọjọ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996. Nílé tiwa, Màámi ń sunkún. Ó ní ta ló ń bá onílé rẹ̀ jà? Bàámi dákẹ́ títí, ó wá dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Bàbá fi ọwọ́ lé mi léjìká, a sì wọ àgọ́ ọlọ́pàá lọ.

Ọlọ́pàá tó wà ní káńtà ń kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀. Ó bi mí pé, "Kí lorúkọ ọmọ tí o ní ọwọ́ rẹ̀ mọ́?" Mo la ẹnu, n kò rí nǹkan sọ. Ó ti tó ọdún kan tó ti ń gé irun àbúrò mi. Waziri kò gbọ́ èdè àwọn ará Akote. Èmi gbọ́ Yorùbá tí ọmọ yìí ń sọ, síbẹ̀ n kò mọ orúkọ rẹ̀.

Wọ́n bá fóònù mẹ́jọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ onílé. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n fi ọmọ náà sílẹ̀. Onílé wá bá wa lálẹ́. Ó ní nítorí àlàáfíà àdúgbò, kí n lọ sọ pé n kò ríran dáadáa lóru. Bàámi ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu ọmọ." Nígbà tí mo wo ìparí fíìmù náà lẹ́yìn ìgbà yẹn, mo rí i pé ohun tí àwọn ọ̀gá Waziri bẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Ó ti mọ ẹni tó ń pa àwọn ọmọbìnrin, kì í sì í ṣe àlejò. Wọ́n ní kó pa á mọ́ra kí ìlú lè tòrò.

Onílé fún wa ní nótíìsì. Bàṣírì la ń gbé báyìí, yàrá ti dín kan, ilé ìwé sì ti jìnnà sí mi.

Ọmọ náà wá kí wa lẹ́ẹ̀kan kó tó padà sí ìlú rẹ̀. Ó sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Mo rò pé ó fẹ́ dúpẹ́ ni. Ohun tó bi mí ni pé, "Ṣé o ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mi orí, ó sì lọ.

Ìbéèrè yẹn ni mo ń gbé kiri. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ọgbọ́n ọlọ́pàá ló ń tú àṣírí ọ̀daràn. Akódà mọ gbogbo ènìyàn, àwọn ńláńlá sì lè dí i lẹ́nu. Bàbá kò ní ìbátan ní Kàlàbá tó lè dí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò mọ ẹnì kan. Ọmọ àbúrò bàbá mi wà nínú Amọ̀tẹ́kùn tí àwọn ìpínlẹ̀ wa dá sílẹ̀ ní 2020. Òun tún ti padà sáàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n. Aṣọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè rí ohun tí èmi rí ní ẹ̀yìnkùlé lóru.

Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún Bàbá, ojú kan sì ti ń ríran. Síbẹ̀, bí a bá jọ jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n, ó ṣì máa ń fi ọ̀pá kan ẹsẹ̀ mi, á bi mí ní ohun tí mo rí. N kì í jẹ́ kó bi mí lẹ́ẹ̀mejì mọ́.