Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Ra Fóònù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Olùkọ́ èdè Yorùbá kan wà ní Ìbàdàn tí ó gbà pé òwe yìí kan fóònù pẹ̀lú. Láti ìgbà tí fóònù alágbèéká ti di ti gbogbo ayé ní Nàìjíríà, agbára káká ni irú kan fi máa gbòde tí Tíṣà kò ní ní èrò tirẹ̀ lórí rẹ̀. Bí àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ìwé bá fẹ́ ra tuntun, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń yà sí. Ìyàwó rẹ̀ a sì máa bi í léèrè pé, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹnu mélòó lẹ fẹ́ fi sọ̀rọ̀ tí fóònù fi pé mẹ́ta lórí tábìlì?" Ẹ̀rín nìkan ni ó máa ń fi dá a lóhùn.

Ohun tí ó ń wá lára fóònù yàtọ̀ sí èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá. Àwọn mìíràn a béèrè bí kámẹ́rà rẹ̀ ti mọ́lẹ̀ tó, bí bátìrì rẹ̀ ti lágbára tó, àti iye tí wọn yóò tà á bí ó bá di àlòkù. Tíṣà kò fojú kéré ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tirẹ̀ tó ṣáájú ni pé: ṣé fóònù yìí lè kọ orúkọ ènìyàn bí ó ti tọ́?

Kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó lè yé ni, ó yẹ kí a rántí bí nǹkan ti rí tẹ́lẹ̀. Kí oṣù kẹjọ ọdún 2001 tó dé, tí Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iye fóònù tó wà ní gbogbo Nàìjíríà kò tó mílíọ̀nù kan, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ibẹ̀ sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Nígbà tí GSM dé, ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń ṣírò owó. Ẹni tó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré yóò san owó odindi ìṣẹ́jú kan. Ọdún 2003 ni Glo dé, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìṣẹ́jú àáyá gba owó. Ní àkókò náà, ọgbọ́n ni àwọn ènìyàn fi ń lo fóònù. Ẹni tí kò lówó lórí yóò fílàṣì, ẹni tó ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ yóò sì fi atẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, nítorí iye kan náà ni wọ́n ń gbà lórí rẹ̀, kó kún tàbí kó má kún, bí kò bá ti ju létà 160 lọ.

Nínú gbogbo fóònù ayé ìgbà náà, Nokia 1100 tí ó jáde ní ọdún 2003 ni Tíṣà ṣì máa ń yìn jù. Ó ní àwọn tó ṣe é wo ilé kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n mọ̀ pé eruku pọ̀, wọ́n fi ohun tí eruku kò lè wọ̀ bo bọ́tìnnì rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé iná mànàmáná kì í dúró, wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì sí i lórí. Ó lé ní mílíọ̀nù 200 irú rẹ̀ tí wọ́n tà káàkiri ayé, ìyẹn kò sì yà á lẹ́nu. Síbẹ̀, fóònù tó mọ òkùnkùn ilé wa yìí kò mọ orúkọ wa. Ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ títí di alẹ́, kò ní gbé ẹ tàbí ọ tàbí ṣ jáde.

Ìdí rẹ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe ṣètò atẹ̀jíṣẹ́ látilẹ̀wá. Bíìtì 1,120 ni àyè tó wà fún iṣẹ́ kan. Bí létà kọ̀ọ̀kan bá gba bíìtì 7, létà 160 ni yóò wọlé. Àwọn létà tí wọ́n yàn sínú ètò náà kò ju èyí tí àwọn èdè Yúróòpù kan nílò lọ. Ó pa Tíṣà lẹ́rìn-ín nígbà tí ó rí i pé à, è, ì, ò àti ù wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé ohùn ìsàlẹ̀ pé lórí fáwẹ̀lì márààrún, ṣùgbọ́n ohùn òkè kò sí lórí ọ̀kankan àfi é nìkan. Èdè wo ni yóò sọ̀rọ̀ ní ohùn ìsàlẹ̀ nìkan? Ní ti ẹ, ọ àti ṣ, wọn kò tilẹ̀ rántí wọn rárá.

Báyìí ni Yorùbá tí kò lámì ṣe di ohun tí gbogbo ènìyàn ń kọ. Ẹ̀gbọ́n Tíṣà obìnrin fi iṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí i nígbà kan: "Ra igba wa ti o ba n bo." Igbá ni wọ́n ń wí ni, àbí ìgbá tí à ń jẹ? Bẹ́ẹ̀ adẹ́mu ni ọkọ wọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ igbà tí ọkùnrin náà fi ń gun ọ̀pẹ ni ó ti gbó. Nínú ọjà kan náà ni wọ́n ti ń ta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tíṣà kò rí nǹkan ṣe ju pé kó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà lọ. Atẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n kọ nítorí àtidín ìnáwó kù ti sọ ara rẹ̀ di owó ìpè.

Lẹ́yìn náà ni ayé yí padà. Ní ọdún 2007, Apple gbé iPhone jáde. Ní 2008, fóònù Android àkọ́kọ́ tẹ̀ lé e. Àwọn mìíràn ń sọ̀rọ̀ ẹwà rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí Tíṣà rí ni pé létà kò sí lára ike mọ́. Ojú fóònù fúnra rẹ̀ ni kíbọ́ọ̀dù, a sì lè yí i padà bí ó ti wù wá. Bí ènìyàn bá fi ìka tẹ létà kan mọ́lẹ̀ pẹ́ díẹ̀, àwọn arákùnrin rẹ̀ tó lámì yóò yọjú. Nígbà tó yá, àwọn kíbọ́ọ̀dù tó mọ Yorùbá dé, Gboard ti Google sì wà lára wọn.

Àmọ́ ìdùnnú yìí ní ìkọ́ nínú. Ní ọjọ́ tí Tíṣà kọ́kọ́ fi ẹ kan ṣoṣo sínú atẹ̀jíṣẹ́, ó rí i pé nọ́ńbà tó ń ka létà já wálẹ̀ lójijì láti 160 sí 70. Bí létà kan bá ti wà nínú iṣẹ́ tí kò sí nínú ètò àtijọ́ náà, gbogbo iṣẹ́ ọ̀hún ni fóònù yóò yí sí ètò mìíràn, níbi tí létà kọ̀ọ̀kan ti ń gba bíìtì 16. Bí ó bá sì ju 70 lọ, a ó gé e sí wẹ́wẹ́, létà 67 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, iṣẹ́ tó ní létà 150, tí owó ọ̀kan ṣoṣo tó fún tẹ́lẹ̀, di mẹ́ta nítorí ẹ kan. Ẹni tó kọ Yorùbá bó ṣe yẹ ń san ìlọ́po mẹ́ta owó ẹni tó kọ ìkọkúkọ. Tíṣà máa ń sọ pé òun kò tíì rí owó orí tó le tó èyí tí wọ́n gbà lórí èdè.

WhatsApp ni ó gba ni lọ́wọ́ owó orí náà. Ó ti wà láti 2009, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ń gbà kọjá, kò sì sí ẹni tó ń ka létà mọ́. Ibí yìí ni èrò Tíṣà ti yàtọ̀ sí ti àwọn tó ń dá àwọn aṣefóònù lẹ́bi títí di òní. Ó ní nígbà tí létà kò sí, ẹ̀bi ẹ̀rọ ni. Nígbà tí létà wọ́n, ẹ̀bi owó ni. Ní báyìí tí létà wà, tí kò sì gba kọ́bọ̀ kan lé e, ta ni a ó dá lẹ́bi?

Síbẹ̀, kò ní kí a má dán ọjà wò. Bí ó bá dé ṣọ́ọ̀bù ní Dùgbẹ̀, ọmọ tó ń tajà a máa sọ pé, "Dádì, ẹ kọ́kọ́ wo kámẹ́rà rẹ̀ ná!" Tíṣà yóò dúpẹ́, yóò sì kọ "Ọ̀ṣọ́ọ̀sì." Ìdánwò náà kì í ṣe eré. Nínú Unicode, ìyẹn ètò tí ó ń fún létà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, é náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Létà kan àti àmì kan ni a ń so pọ̀ láti rí i. Bí irú ìkọ̀wé inú fóònù kò bá mọ bí a ti ń so wọ́n, àmì yóò fò lọ sórí létà kejì, tàbí kí àpótí kékeré òfìfo jókòó sí àyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò fi orúkọ "Ṣọlá" pamọ́, yóò sì fi "Sola" wá a. Fóònù tí kò bá rí i yóò kó ìyà bá ẹni tó kọ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ dáadáa.

Bí ó bá tún kan ti wíwo ilé, Tíṣà kì í gbàgbé Tecno. Wọ́n rí i pé síìmù kan kò tó ènìyàn ní Áfíríkà, wọ́n fi ààyè síìmù méjì sí i. Wọ́n rí i pé kámẹ́rà àwọn ẹlòmíràn ń sọ aláwọ̀ dúdú di òjìji, wọ́n tún tiwọn ṣe kó lè rí ojú wa. Ẹni tó bá lè wo awọ ara oníbàárà báyìí, ó ní kò yẹ kí ahọ́n rẹ̀ ṣòro fún un láti wò.

Akẹgbẹ́ rẹ̀ kan ń bá a jiyàn pé gbogbo làálàá yìí kò pọn dandan mọ́. Láti 2013 ni WhatsApp ti jẹ́ kí a máa fi ohùn ránṣẹ́. Ìyá arúgbó tí kò mọ̀wé ń fi ohùn ara rẹ̀ bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, gbogbo àmì ohùn sì pé lẹ́nu rẹ̀ láìsí ẹni tó kọ́ ọ. Tíṣà gbà pé òótọ́ ni, ó sì pè é ní oore ńlá. Ṣùgbọ́n ohùn kò ṣeé yẹ̀ wò bí ìwé. Ènìyàn kò lè sáré wo ohùn ogún ìṣẹ́jú láti wá gbólóhùn kan, a kò sì lè fi ohùn kọ ìdánwò WAEC. Èdè tí a ń sọ tí a kò kọ, ẹsẹ̀ kan ni ó fi dúró.

Ó ní kì í ṣe òní ni ẹ̀rọ tuntun ti ń bá èdè yìí wọ̀yá ìjà. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló kọ́kọ́ kọjú sí wa. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé-kékeré àwọn akọ̀wé tẹ̀ lé e, kò lámì rárá. Kí ni àwọn olùkọ́ àtijọ́ ṣe? Wọ́n tẹ ìwé tán, wọ́n fi bírò sàmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú ìwé kan tẹ̀ lé òmíràn. Wọn kò torí ẹ̀rọ pa èdè tì. Àwọn ni ó fi í lé wa lọ́wọ́.

Ohun tó ń dun Tíṣà ni ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ọmọ yóò kọ "eyin," olùkọ́ ni yóò wá mọ̀ bóyá ẹyin ni, tàbí eyín, tàbí ẹ̀yìn, tàbí ẹ̀yin. Ọmọ náà mọ ìyàtọ̀ wọn lẹ́nu. Fóònù ni ó kọ́ ọwọ́ rẹ̀ láti gbàgbé. Nítorí náà, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ní táàmù, kì í fún wọn ní àkọsílẹ̀. Iṣẹ́ àmúrelé tí ó máa ń fún wọn ni kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sínú fóònù òbí rẹ̀, kí ó sì fi orúkọ gbogbo ará ilé pamọ́ sínú rẹ̀ pẹ̀lú àmì.

Àwọn kan ń rí i bí àṣejù. Ẹni tó bá ti gba fóònù padà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, tí ó rí orúkọ ìyá rẹ̀ níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é gan-an, kì í sábà pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Ọwọ́ ọ̀tún ti wà lórí fóònù báyìí. Ó kù kí a lò ó.