Ọkọ̀ Bàbá Wa ní Jonquet

Àwa mẹ́ta ni bàbá wa fi ọkọ̀ Land Rover kan sílẹ̀ fún. Inú gáráàjì kan ní Jonquet, ní Kútọnu, ni ó wà, ní àdúgbò tí orin kì í jẹ́ kí òru sùn. Series III ni, irú èyí tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1971 sí 1985. Ọ̀pọ̀ oṣù ni a fi jiyàn lórí rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa ní kí a dá a padà sí bí ó ti rí ní ọjọ́ tí ó jáde ní ilé iṣẹ́, láti orí ọ̀dà títí dé ìjókòó. Àbúrò wa ní kí a gbé ẹ́ńjìnì Toyota sí i, kí a fi ẹ̀rọ amútútù kún un, nítorí ìyá wa ń fẹ́ dé Kétu kí ẹsẹ̀ tó kọ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ni ó mọ́gbọ́n wá.

Ọ̀gá mẹkáníìkì kò gbè sí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni. Ó tẹ́ páálí sí abẹ́ ọkọ̀, ó ní kí a wá wò ó. Nígbà tí Land Rover àkọ́kọ́ jáde ní 1948, irin ṣọ̀wọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ogun, alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ara ọkọ̀ wa kò fi dípẹtà. Ṣùgbọ́n irin ni ṣásì tí ó ru gbogbo rẹ̀, atẹ́gùn òkun Kútọnu sì ti jẹ ẹ́ gan-an. Ohun tí ojú ń rí ni àwa ń jà lé lórí. Ohun tí ó ru ẹrù ni ó ń kú lọ.

Nígbà tí a tú ẹ̀yìn ọkọ̀, a bá pákó ìrókò gígùn kan tí a fi nọ́ọ̀tì mẹ́rin dè. Ìyá wa ni ó rán wa létí: bàbá wa ni ó fi í síbẹ̀, kí ó lè máa tẹ́ aláìsàn sí i láti oko wá sí ilé ìwòsàn. Èwo wá ni ojúlówó: ọkọ̀ tí àwọn òyìnbó ṣe ni, tàbí èyí tí bàbá wa lò?

Ní Kétu, a máa ń kun ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọ̀dà tuntun kí ó tó jáde sí ojú agbo. Ère àná náà ni. Ṣùgbọ́n a kì í gé ojú rẹ̀ kúrò kí a gbẹ́ òmíràn sí i.

Ibẹ̀ ni a dúró lé. A gé ibi tí ó jẹrà lára ṣásì, a jó irin tuntun mọ́ ọn. A tún ẹ́ńjìnì rẹ̀ ṣe, a kò gbé ti Toyota sí i, nítorí kò lè wọlé láìgé ara ọkọ̀. A fi bẹ́líìtì ààbò kún un; bí ọmọ wa kò bá fẹ́ ẹ, yóò tú u. Pákó ìrókò wà ní ipò rẹ̀. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

A kò tan ara wa jẹ: ọkọ̀ náà lọ́ra, ooru rẹ̀ pọ̀. Ní ọjọ́ tí a gbé ìyá wa lọ sí Kétu, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni a dúró kí ó lè sinmi, àbúrò wa sì wò wá láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí a dé, ìyá wa kò tètè sọ̀ kalẹ̀. Ó yíjú sẹ́yìn, ó na ọwọ́, ó fi kan pákó náà.