Ariwo kọ́ lorin, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ̀rọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ayé mà ti yí padà o! Nígbà kan, olówó nìkan ló ń dá situdíò sílẹ̀. Lọ́dún 1979, nígbà tí Hárúnà Ìṣọ̀lá, àgbà ọ̀jẹ̀ nínú orin àpàlà, dá Phonodisk sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ̀rọ ibẹ̀ lè gba ohùn lọ́nà 24, kálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lónìí, kọ̀ǹpútà alágbèéká tó wà lórí tábìlì mi nílùú Ìwó ń gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ kọ̀ǹpútà ò gbọ́ Yorùbá. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Lọ́dún tó kọjá, màmá kan tó ń kọ wákà wá bá mi. Owó àjọ rẹ̀ ló kó fún situdíò kan nílùú ńlá, pé kí wọ́n bá òun ṣe orin tí òun fi ki ọkọ òun tó ti di olóògbé. Ọjọ́ àdúà ọdún kan ni wọ́n gbé orin náà síta. Béèsì ń dún gìrìgìrì bí ẹni ń gúnyán, wọ́n sì ti fi Auto-Tune lọ́ ohùn ìyá mọ́ra wọn. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ oríkì ọ̀hún. Ìyá ní, “Ọmọ mi, orúkọ ọkọ mi dà nínú ẹ̀?” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara.

Ẹ wò ó, ohùn la fi ń mọ Yorùbá. Ọkọ kì í ṣe ọkọ̀, ọkọ́ kì í sì í ṣe ọ̀kọ̀. Auto-Tune tó jáde lọ́dún 1997, iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó fa ohùn olórin sórí ìró tí wọ́n bá yàn fún un. Tó bá ti pọ̀ jù, kì í jẹ́ kí ohùn gòkè tàbí kó sọ̀kalẹ̀ bó ṣe ń ṣe lẹ́nu wa. Gángan náà ńkọ́? Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ló fi ń sọ̀rọ̀. Bí béèsì bá bò ó mọ́lẹ̀, ó di igi lásán.

Mo ní kí ìyá wá kọ ọ́ lákọ̀tun. Òru la ṣe é, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ àdúgbò ti dákẹ́. Mo gbé fóòmù ti ògiri, mo ta aṣọ ńlá bo fèrèsé, kí ohùn má baà máa ta padà. Mo fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sáàárín ẹnu ìyá àti máìkì. Mi ò sì jẹ́ kí iná pupa tàn rárá, torí ohùn tó bá ti fọ́ nínú kọ̀ǹpútà, kò lóògùn.

Nígbà tó kan ká po gbogbo ẹ̀ pọ̀, ohùn ìyá ni mo kọ́kọ́ gbé sáàárín, gángan tẹ̀ lé e, kí n tó fi àwọn ìlù yòókù sí i. Mo gé ìró tó wà nísàlẹ̀ 80 Hz kúrò lára ohùn ìyá, kò kúkú sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Mo dín agogo kù níbi tó ti ń dí oríkì lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ọ lórí fóònù kékeré, torí ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn á ti gbọ́ ọ. Mo rẹ ohùn fóònù sílẹ̀ pátápátá. Oríkì ṣì ń yé mi, mo mọ̀ pé ó ti jiná.

Nígbà tí ìyá gbọ́ orúkọ ọkọ rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Ó kàn ní kí n tún un gbé sí i.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá sọ́dọ̀ mi, béèsì ni wọ́n ń bèèrè, mo sì ń fún wọn. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní situdíò nínú yàrá bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀. Ẹyẹ odídẹrẹ́ tí wọ́n fi ń mọ ìlú wa, ọ̀rọ̀ tó ń sọ ló sọ ọ́ dolókìkí, kì í ṣe ariwo.